Ìdí tí Dan Lanning fi padà di graduate assistant: àkọsílẹ̀ ìrìn olùrànlọ́wọ́ kóòṣì kan

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2015, Dan Lanning ní iṣẹ́ tó dáa lọ́wọ́. Ọmọ ọdún 28 ni, ó ní ìyàwó àti ọmọ nílé, òun sì ni kóòṣì àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn pátápátá nínú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti Yunifásítì Sam Houston State ní ìlú Huntsville, Texas. Ó ní yàrá ìpàdé tirẹ̀, ó ní àwọn ọmọ tó ń darí. Ní sáà 2014, ẹgbẹ́ náà ti dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá nínú ìdíje FCS, ìyẹn ìpele tó tẹ̀lé èyí tó ga jù nínú bọ́ọ̀lù yunifásítì Amẹ́ríkà. Gbogbo èyí ló fi sílẹ̀, tó lọ sí Yunifásítì Alabama láti lọ di graduate assistant (GA), ìyẹn olùrànlọ́wọ́ kékeré tó ń ka ìwé oyè kejì lọ́wọ́, ipò tó ti ṣe rí nílé ẹ̀kọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tó sì ti yẹ kó ti kọjá rẹ̀.

Kí ọdún méje tó pé lẹ́yìn náà, ó ti di kóòṣì àgbà ní Oregon pẹ̀lú àdéhùn ọdún mẹ́fà tí owó rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 29.1 dọ́là.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń wá ọ̀nà wọ iṣẹ́ yìí, títí kan àwọn ọmọ wa tí wọ́n dàgbà sí Houston, Atlanta àti Maryland, máa ń ro pé àkàbà ni: kí èèyàn gun ìgbésẹ̀ kan, kó tún gun òmíràn. Ìrìn Lanning fi hàn pé yàrá tí èèyàn yàn láti jókòó sí, àti àwọn tó bá nínú rẹ̀, lágbára ju orúkọ ipò lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi tọpasẹ̀ rẹ̀ láti ilé ìwé dé ilé ìwé.

Bọ́ọ̀lù tí a ń sọ ni ti Amẹ́ríkà, èyí tó ṣóńṣó lápá méjèèjì, tí èèyàn 11 ń dojú kọ èèyàn 11, tí wọ́n ń fọwọ́ jù ú tí wọ́n sì ń gbé e sá. Ìgbìyànjú mẹ́rin ni ẹgbẹ́ kan ní láti fi rìn yáàdì 10. Bí wọ́n bá rìn ín, wọ́n tún gba mẹ́rin míì. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìhà ìkọlù àti ìhà ìdènà, àwọn ọmọ inú ìhà kan kì í sì í sábà ṣe ti ìkejì. Nítorí náà, kóòṣì ìhà ìkọlù yàtọ̀, ti ìhà ìdènà yàtọ̀, nínú ìhà kọ̀ọ̀kan sì ni a ti rí ẹni tó ń kọ́ àwọn linebacker (àwọn adènà tó ń dúró lẹ́yìn tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn abarapá), ẹni tó ń kọ́ àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn, ẹni tó ń kọ́ àwọn abarapá iwájú, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń darí ìhà ìdènà lódindi ni wọ́n ń pè ní defensive coordinator.

Ìjókòó kò pọ̀. Nígbà tí Lanning ń lọ sí Alabama, òfin NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso eré ìdárayá yunifásítì, fàyè gba kóòṣì àgbà kan, olùrànlọ́wọ́ mẹ́sàn-án àti graduate assistant mẹ́rin fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní FBS, ìpele tó ga jù. Oṣù Kìíní ọdún 2018 ni olùrànlọ́wọ́ di mẹ́wàá. Àwọn yòókù tí ilé ẹ̀kọ́ ńlá ń gbà, tí wọ́n ń pè ní analyst tàbí quality control, kò gbọdọ̀ kọ́ ọmọ kankan lórí pápá títí di oṣù Kẹfà ọdún 2024 tí NCAA tú òfin yẹn. Èyí ló mú kí ipò GA níye lórí ju owó rẹ̀ lọ láyé ìgbà náà: òun nìkan ni ẹni tó kéré jù tó lè dúró lórí koríko, kó sì fi ọwọ́ tọ́ ọmọ sọ́nà.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Lanning gbá bọ́ọ̀lù gẹ́gẹ́ bí linebacker ní William Jewell College ní ìlú Liberty, Missouri. Ilé ẹ̀kọ́ kékeré ni, abẹ́ NAIA, àjọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ kékeré, ló wà nígbà náà, kò sì sí kóòṣì ńlá kankan tó mọ orúkọ rẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí pé ipò GA sábà máa ń bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún ilé ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀ tàbí ọmọ ẹni tó wà nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tí kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì gbọ́dọ̀ wá ojú mìíràn tí àwọn èèyàn yóò fi rí i. Láti 2008 sí 2010, ilé ìwé girama Park Hill South ní agbègbè Kansas City ló ti ń kọ́ni ní bọ́ọ̀lù, sáà mẹ́ta gbáko.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2011, Todd Graham kúrò ní Tulsa, ó di kóòṣì àgbà ní Pittsburgh. Lanning wọ ọkọ̀ rẹ̀ ní Missouri, ó wakọ̀ mọ́jú, ìrìn bíi wákàtí 13, láti lọ bá wọn ní ọ́fíìsì. Ẹnikẹ́ni kò pè é. Ó fẹ́ iṣẹ́ èyíkéyìí tí wọ́n bá ní, bó ti wù kó kéré tó, ó sì di GA ibẹ̀ lọ́dún yẹn. Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí máa ń yin ìgboyà rẹ̀, ó sì tọ́ sí ìyìn. Àmọ́ ohun tó yẹ kí ọ̀dọ́ kọ́ nínú rẹ̀ ni àkókò tó yàn. Ẹgbẹ́ tí kóòṣì tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí, láàárín oṣù Kejìlá àti oṣù Kejì, ni àyè máa ń wà. Wọn kò tíì yan gbogbo èèyàn tán, iṣẹ́ pọ̀ ju ọwọ́ lọ, ẹni tó bá sì dúró lójú wọn lọ́jọ́ náà lè di ẹni tí wọ́n lò. Ẹni tó bá wakọ̀ wákàtí 13 ní oṣù Keje yóò bá ìjókòó tó ti kún.

Ohun tí wọ́n ń fi GA ṣe, àwọn ará ìta kò mọ̀ ọ́n. Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ni iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ìdíje ọjọ́ Àbámẹ́ta ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Fídíò ìdíje mẹ́rin tí ẹgbẹ́ tó ń bọ̀ ṣe kẹ́yìn ti wà nínú kọ̀ǹpútà. Ìhà ìkọlù lè ṣe eré bíi 70 nínú ìdíje kan, nítorí náà ó di eré bíi 280. GA yóò wo ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò sì kọ ọ́ sínú àtẹ: ìgbìyànjú kelòó ni, yáàdì mélòó ló kù, ibo lórí pápá, apá òsì ni bọ́ọ̀lù wà ni àbí apá ọ̀tún, irú àwọn wo ló jáde, báwo ni wọ́n ṣe tò, ta ló rìn kí bọ́ọ̀lù tó kúrò nílẹ̀, kí ni wọ́n ṣe, yáàdì mélòó ni wọ́n jèrè. Irú àwọn tó jáde ní nọ́ńbà tirẹ̀: 11 túmọ̀ sí asáré kan (ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù sá) àti tight end kan (ẹni tó ń dènà, tó sì tún lè gba bọ́ọ̀lù), 12, asáré kan àti tight end méjì, 21, asáré méjì àti tight end kan. Márùn-ún ni àwọn tó lè gba bọ́ọ̀lù yàtọ̀ sí ẹni tó ń jù ú, nítorí náà ẹni tó bá mọ nọ́ńbà yẹn ti mọ iye wide receiver, àwọn tó ń gba bọ́ọ̀lù ní ẹ̀gbẹ́ pápá, tó kù.

Bí GA bá kọ 11 síbi tó yẹ kó kọ 12, kò sẹ́ni tó máa pariwo lọ́jọ́ Àìkú. Lọ́jọ́ Ajé, ìṣirò yóò sọ fún kóòṣì pé ẹgbẹ́ yẹn máa ń sáré gan-an nígbà tí tight end kan bá wà lórí pápá. Wọn yóò ṣètò ìdènà lé e lórí. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, tight end kan yóò jáde, gbogbo linebacker yóò rọ́ síwájú láti dá asáré dúró, bọ́ọ̀lù yóò sì fò kọjá lórí wọn. Ibẹ̀ ni wọn yóò ti padà wá wo àtẹ, tí wọn yóò rí orúkọ ẹni tó kọ ọ́.

Lẹ́yìn àtẹ ni páálí. Gbogbo eré tí wọ́n fẹ́ kí ìhà ìdènà rí lọ́sẹ̀ náà ni GA yóò yà sórí páálí pẹ̀lú máàkà tó nípọn, ọ̀kan fún eré kan, pẹ̀lú ọfà tó ń tọ́ka ẹni tí olúkúlùkù yóò dènà. Níbi ìdánrawò, yóò gbé e sókè fún scout team, ìyẹn àwọn ọmọ tí kò tíì ń ṣeré lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí wọ́n ń ṣe bí ẹgbẹ́ ọ̀tá. Ìwọ̀n bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ni wọ́n ní láti wò ó. Àwòrán tí kò hàn láti ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà kò wúlò. Ọfà kan tó bá tọ́ka síbi tí kò yẹ ti kọ́ linebacker ní nǹkan tí kò sí, yóò sì gbé e lọ sójú ìdíje. Lọ́jọ́ ìdíje, GA sábà máa ń wà lókè nínú àpótí onígíláàsì pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ létí, tí yóò máa wo ẹni tó ń wọlé tó ń jáde lọ́dọ̀ ọ̀tá, tí yóò sì pe nọ́ńbà náà sétí kóòṣì kí bọ́ọ̀lù tó kúrò nílẹ̀. Bó bá pè é pẹ́, kò yàtọ̀ sí kó má pè é rárá.

Láàárín gbogbo èyí, ó gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀kọ́ oyè kejì, torí òfin ló sọ ọ́ di graduate assistant. Owó ilé ẹ̀kọ́ àti owó ìtọ́jú díẹ̀ ni wọ́n ń fún un. Kì í jáde lọ wá ọmọ níta. Àwọn tó ń kùnà níbí kì í sábà kùnà nítorí pé wọn kò mọ bọ́ọ̀lù. Oorun ló ń pa wọ́n, tàbí kí wọ́n jábọ́ nínú ẹ̀kọ́ wọn, tí òfin á sì lé wọn kúrò lórí pápá.

Sáà kan ṣoṣo ni Graham lò ní Pittsburgh. Oṣù Kejìlá ọdún 2011 ni Arizona State gbà á, ó sì kó lọ sí Tempe. Ẹ wo bí ilẹ̀ iṣẹ́ yìí ṣe ń yọ̀: ẹni tó wakọ̀ mọ́jú ní oṣù Kìíní lè wà láìníṣẹ́ ní oṣù Kejìlá láìṣẹ̀. Nígbà tí kóòṣì àgbà bá lọ, àwọn tó bá fẹ́ nìkan ló máa ń mú dání, ẹni tuntun tó ń bọ̀ sì ń kó àwọn tirẹ̀ wá. Lanning wà lára àwọn tí wọ́n mú dání. Lára wọn náà ni Mike Norvell wà, ẹni tó ń darí ìhà ìkọlù Graham ní Arizona State. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn.

Ní 2012, GA ni Lanning níbẹ̀. Ní 2013, wọ́n fi í ṣe alákòóso wíwá agbábọ́ọ̀lù nínú ọgbà. Iṣẹ́ yìí kò sí lórí pápá, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kóòṣì sì máa ń sá fún un nítorí pé wọ́n fẹ́ máa kọ́ni. Ó jọ wá lójú pé àṣìṣe ńlá nìyẹn. Ẹni tó wà níbẹ̀ ló ń tọ́jú àtẹ orúkọ àwọn ọmọ ilé ìwé girama, ipò sí ipò, ọdún sí ọdún. Òun ló ń wo fídíò wọn kó tó dé ọ̀dọ̀ kóòṣì. Òun ló ń bi ilé ìwé wọn bóyá iṣẹ́ ẹ̀kọ́ 16 tí NCAA kà sí pàtàkì yóò pé kí ọmọ náà tó jáde. Ọmọ tó yára bí ẹfúùfù, tí èsì ìwé rẹ̀ kò pé, yóò gba àyè lórí àtẹ fún oṣù mẹ́wàá, kò sì ní wọlé. Òun náà ló ń ṣètò àbẹ̀wò tí ilé ẹ̀kọ́ ń sanwó rẹ̀, tí ọmọ kan kò lè ṣe ju márùn-ún lọ nígbà náà: ta ló máa pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú, ta ló máa bá ìyá rẹ̀ jókòó. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ìyá ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ jù, àwọn tó ń wá ọmọ Nàìjíríà sì mọ̀ pé ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ìyá bẹ́ẹ̀ yóò béèrè kò ní jẹ́ ti bọ́ọ̀lù; ìwé wo ni ọmọ òun yóò kà ni. Lẹ́yìn ọdún kan nínú iṣẹ́ yìí, Lanning ní nǹkan tí GA púpọ̀ kò ní. Ó lè kọ́ ọmọ, ó sì lè mú ọmọ wá.

Ìyẹn ló gbé e dé Sam Houston State ní 2014, iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ kóòṣì gidi àkọ́kọ́ tó ní ní yunifásítì. Ìyẹn náà ló fi sílẹ̀ lẹ́yìn sáà kan.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó pàdánù. Owó oṣù lọ, owó GA rọ́pò rẹ̀. Yàrá ìpàdé tirẹ̀ lọ. Ẹ̀tọ́ láti jáde lọ wá ọmọ lọ. Orúkọ ipò rẹ̀ lórí ìwé já wálẹ̀, ẹni tó bá ka ìwé náà láìmọ ìdí lè rò pé wọ́n lé e ni. Ilé sì tún ń kó, láti Texas lọ sí Tuscaloosa.

Ohun tó rí gbà kò ṣeé kọ sórí ìwé ìwáṣẹ́. Ní Alabama nígbà náà, Nick Saban ni kóòṣì àgbà, Kirby Smart sì ti ń darí ìhà ìdènà láti 2008. Kò sí yàrá ìdènà tó ju tiwọn lọ nínú bọ́ọ̀lù yunifásítì lásìkò yẹn. GA tó wà níbẹ̀ ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jiyàn lórí eré kan títí ó fi yé wọn, ó ń kọ́ èdè tí wọ́n fi ń pe ìdènà, ó sì ń rí bí Saban ṣe ń ṣètò ọjọ́ láti ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú. Èdè yẹn ni ọjà gidi. Ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n kò nílò ọdún kan láti kọ́ ọ níbòmíràn, àwọn ọmọ ẹ̀yìn Saban tó di kóòṣì àgbà káàkiri ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì ń wá ẹni tó ti mọ̀ ọ́n. Bí àgbò bá fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá.

A kò gbọ́dọ̀ sọ pé ó dá a lójú. Bí wọ́n bá yọ Smart lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún náà, tàbí kí Lanning má ṣe dáadáa lójú rẹ̀, ẹni ọdún 29 tó ní ẹbí ni yóò wà níbẹ̀ pẹ̀lú ipò GA ẹlẹ́ẹ̀kẹta, tí FCS pàápàá sì lè má gbà á padà. Olùrànlọ́wọ́ tó bá fẹ́ fara wé e gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ léèrè nǹkan méjì kó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀: ṣé ẹni tó ń darí yàrá tí mò ń lọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di kóòṣì àgbà? Ṣé mo ní ẹlòmíràn tó mọ iṣẹ́ mi tó lè gbà mí bí ibí bá bàjẹ́? Ìdáhùn Lanning sí méjèèjì jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni.

Oṣù Kejìlá ọdún 2015 ló fi ìyẹn hàn. Georgia mú Kirby Smart ní kóòṣì àgbà. Memphis mú Mike Norvell. Láàárín oṣù kan, àwọn méjì tó ti rí i bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lóru di ẹni tó ń gbani síṣẹ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kìíní ọdún 2016, Alabama ṣẹ́gun Clemson 45 sí 40, wọ́n gba ife orílẹ̀-èdè, Lanning sì kọrí sí Memphis láti máa kọ́ àwọn linebacker àárín, kó sì tún máa ṣàkóso wíwá agbábọ́ọ̀lù.

Sáà méjì ló lò níbẹ̀. Ẹgbẹ́ náà borí mẹ́jọ, ó pàdánù márùn-ún ní 2016. Ní 2017, ó borí mẹ́wàá, ó pàdánù mẹ́ta. Àsìkò yẹn náà ni àrùn jẹjẹrẹ eegun kọlu ìyàwó rẹ̀, tó gba ìtọ́jú pẹ́, tó sì borí rẹ̀. A mẹ́nu bà á nítorí pé àwọn tó ń ka ìrìn yìí bí ìlà gbọọrọ máa ń gbàgbé pé ẹbí ló ń gbé ẹrù rẹ̀. Láti 2011 títí dé òpin 2021, ó kó lọ sí ìlú méje: Pittsburgh, Tempe, Huntsville, Tuscaloosa, Memphis, Athens (ìlú Yunifásítì Georgia) àti Eugene (ìlú Yunifásítì Oregon).

Ní oṣù Kìíní ọdún 2018, Georgia ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù àṣekágbá orílẹ̀-èdè sọ́wọ́ Alabama, 26 sí 23. Kevin Sherrer tó ń kọ́ àwọn linebacker ẹ̀gbẹ́ níbẹ̀ ti gba iṣẹ́ ní Tennessee. Smart pe Lanning.

Ipò yìí gba àlàyé, nítorí pé níbẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ̀ bóyá kóòṣì mọ iṣẹ́. Georgia fẹ́ràn ìtò kan tó dí àárín pa: abarapá kan dojú kọ center, ẹni tó wà ní àárín ìlà ìkọlù, àwọn méjì yòókù dúró sí èjìká inú àwọn tackle, àwọn méjì tó wà ní ìpẹ̀kun ìlà náà. Asáré kò rí ihò ní àárín, ó di dandan kó yà sí ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni linebacker tí Lanning ń kọ́. Bó bá jẹ́ kí wọ́n gba ìta mọ́ ọn lọ́wọ́, gbogbo ìdènà àárín yẹn di asán, torí asáré ti kọjá. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni pé apá ìta gbọ́dọ̀ wà lómìnira: kí ó fi apá inú àti èjìká gba ẹni tó ń dènà rẹ̀, kí ẹsẹ̀ ìta má ṣe kọjá sẹ́yìn, kí asáré bàa lè padà sínú, níbi tí àwọn yòókù ti ń dúró dè é. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lé ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù: ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ tó gùn, ọwọ́ tó gbá ọwọ́ tackle dànù kó tó dì mọ́ni, àti yíyí igun láìfẹ̀ jù. Ọmọ tó bá fẹ̀ jù kọjá lẹ́yìn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, yóò sì ṣí ọ̀nà fún un láti sá.

Ọdún kan náà ni Azeez Ojulari dé Georgia. Ọmọ Marietta ní Georgia ni, ẹ̀jẹ̀ Yorùbá ló sì wà lára rẹ̀: Twins Seven Seven, ayàwòrán ńlá tí Òṣogbo sọ di olókìkí, ni bàbá bàbá rẹ̀. Linebacker ẹ̀gbẹ́ ni, abẹ́ Lanning ló sì ti dàgbà. Ní sáà 2020, ó mú ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù balẹ̀ ní ìgbà 8.5 (bí èèyàn méjì bá jọ mú un, ìdajì ni wọ́n ń kà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan). Nínú ìdíje ìparí sáà tí wọ́n ń pè ní Peach Bowl ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2021, ó mú alátakò balẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, èyí tó kẹ́yìn sì jẹ́ nínú agbègbè ẹ̀yìn àwọn Cincinnati fúnra wọn lójú àáyá tó kẹ́yìn, tí Georgia fi borí 24 sí 21. Lọ́dún náà, New York Giants, ẹgbẹ́ kan ní NFL (líìgì àwọn amọṣẹ́dunjú), mú un ní ipò 50 nígbà tí wọ́n ń yan ọmọ. Nínú iṣẹ́ yìí, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rí olùrànlọ́wọ́ kóòṣì. Ẹni tó ń gbani síṣẹ́ kì í béèrè ohun tó mọ̀; ó ń wo ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń ṣe nínú fídíò.

Sáà kan ni Lanning lò ní ipò yẹn kí ìyípadà tó dé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, Mel Tucker tó ń darí ìhà ìdènà lọ di kóòṣì àgbà ní Colorado. Smart fi Lanning rọ́pò rẹ̀, ó sì fi Glenn Schumann ṣe ìkejì rẹ̀. Ọmọ ọdún 32 ni Lanning. Kò tíì darí ìhà ìdènà rí níbikíbi.

Ewu kan wà nínú irú ìgbéga bẹ́ẹ̀ tó yẹ ká sọ. Smart fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹni tó mọ ìdènà dójú àmì. Coordinator tó wà lábẹ́ kóòṣì àgbà bẹ́ẹ̀ lè ṣiṣẹ́ dáadáa kí ayé sì sọ pé ọ̀gá rẹ̀ ló ṣe é. Bó bá sì bàjẹ́, òun ni wọn yóò yọ. Ohun tó gba Lanning ni èsì tó hàn gbangba léraléra. Ní 2019, ìdènà Georgia gba kí ọ̀tá jẹ àmì 12.6 nínú ìdíje kan ní ìpíndọ́gba, èyí tó kéré jù ní FBS. Ní 2021, ó tún wá sí 10.2. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NFL yan ọmọ ní 2022, márùn-ún nínú ìdènà yẹn ni wọ́n mú ní ìpele àkọ́kọ́, Travon Walker sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n pè. Owó Lanning lọ́dún ti kọjá mílíọ̀nù kan dọ́là kó tó kúrò.

Àdéhùn iṣẹ́ náà ń yí padà bí ipò ṣe ń ga, ẹni tó bá fọwọ́ sí i láìkà á yóò jìyà rẹ̀. Olùrànlọ́wọ́ tó ń kọ́ ipò kan sábà máa ń gba ọdún kan tàbí méjì. Coordinator lè gba mẹ́ta. Ẹ wo owó ìtúsílẹ̀ ní ọ̀nà méjèèjì: iye tí ilé ẹ̀kọ́ yóò san bí wọ́n bá lé e, àti iye tí òun yóò san bó bá lọ. Ẹ wo bóyá owó yẹn ń já wálẹ̀ bó bá di kóòṣì àgbà níbòmíràn, torí ìyẹn ni ìlọ tó dáa jù. Ẹ tún wo bóyá owó iṣẹ́ tuntun yóò jẹ́ yíyọ kúrò nínú ohun tí ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ jẹ ẹ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017, Arizona State yọ Todd Graham. Bí Lanning bá ti jókòó sí Tempe láti 2012 nítorí pé ibẹ̀ tù ú lára, ọjọ́ yẹn ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í wáṣẹ́ pẹ̀lú gbogbo àwọn yòókù.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún 2021, Alabama na Georgia 41 sí 24 nínú àṣekágbá SEC, líìgì tí àwọn méjèèjì wà, ìdíje tí ìdènà Lanning ṣe burú jù lọ́dún náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan péré, ní ọjọ́ 11, Oregon kéde rẹ̀ ní kóòṣì àgbà láti rọ́pò Mario Cristobal tó lọ sí Miami. Ọmọ ọdún 35 ni Lanning. Ní ọjọ́ 15, ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ìkéde, àwọn ọmọ ilé ìwé girama bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sí ìwé. Ó ní láti máa pe àwọn ọmọ tí Cristobal ti bá ṣàdéhùn, kí ó tún máa yan àwọn olùrànlọ́wọ́ tirẹ̀, síbẹ̀ ó gbà láti darí ìdènà Georgia títí ìdíje náà yóò fi parí. Georgia na Michigan 34 sí 11 ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, wọ́n sì na Alabama 33 sí 18 ní Indianapolis ní ọjọ́ 10 oṣù Kìíní. Oṣù kan gbáko nìyẹn lórí iṣẹ́ méjì, ọ̀kan ní Georgia, ìkejì ní etí òkun kejì. Ọ̀pọ̀ kóòṣì ń lọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá gba iṣẹ́ tuntun, òfin kò sì dí wọn lọ́wọ́. A gbà pé ohun tí Lanning ṣe dáa jù, ó sì ràn án lọ́wọ́: ife orílẹ̀-èdè ló gbé wọ ilé àwọn òbí tó ń bá sọ̀rọ̀.

Ìdíje àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Oregon bọ́ sí Atlanta ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022. Georgia ni wọ́n bá pàdé. Smart mọ èdè tó ń sọ, òun ló kọ́ ọ. Georgia borí 49 sí 3. Lẹ́yìn èyí, Oregon borí ìdíje mẹ́jọ léraléra, wọ́n parí sáà náà pẹ̀lú ìborí 10 àti ìpàdánù 3.

Ẹni tó ń darí ìhà ìkọlù fún un lọ́dún yẹn ni Kenny Dillingham. Ní Memphis ni wọ́n ti jọ ṣiṣẹ́ lábẹ́ Norvell, nígbà tí Dillingham ṣì jẹ́ GA ní 2016. Sáà kan ló lò ní Oregon. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, Arizona State mú un ní kóòṣì àgbà, Lanning sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹlòmíràn.